Ẹ̀wù Òtútù Alágbàfọ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé alágbàfọ̀ ń lọ sí orílẹ̀-èdè kékeré kan lórí òkè, níbi tí odi àwọn ará àtijọ́ ṣì dúró sí. Ó kàn jẹ́ pé kò tíì lọ ni. Òní ọmọ wọ iléèwé, ọ̀la òrùlé jò.

Ó mọ ọ̀nà tí kò gbówó lórí: kéèyàn jẹ́ kí àwọn olówó gbafẹ́ tán kó tó wọkọ̀, kó sì sùn sílé àwọn àlùfáà tó ń gba àlejò ní ẹ̀dínwó. Ẹnu àwọn oníbàárà ló ti gbọ́ ọ. Àwọn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Òun ń fọ eruku òkè náà kúrò lára ṣòkòtò wọn.

Ó ti ra ẹ̀wù òtútù kan sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ ṣì ń rá. Lọ́dọọdún, títí àkọ́bí náà fi dàgbà, á lọ̀ ọ́, á tún gbé e kọ́. Kò wọ̀ ọ́ rí, kó má baà rún.

Ara kì í ṣe òkúta. Lánàá iṣẹ́ rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ló bá ní kóun kúkú wọ ẹ̀wù náà wò. Apá ẹ̀wù bo ìka rẹ̀ pátápátá.

“Ìyá wọn, wá wò ó! Ẹ̀wù yìí ti fẹ̀.”

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. “Bàbá wọn, látọjọ́ tí mo ti ń bá yín fọṣọ, mi ò rí ẹ̀wù tó fẹ̀ lórí ìkọ́ rí. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ wò.”

Ó bọ́ ọ. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó gbé áyọ́ọ̀nù, ó sì rọra lọ̀ ọ́, bí ẹni pé oníbàárà kan ló ń bọ̀ wá gbà á.