Tẹ́dì Tí Bàbá Mi Ń Bá Sọ̀rọ̀

Láti Ìkọ̀tún dé Àgbàdo, kò sẹ́ni tó mọ táìlì í lẹ̀ tó mi. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu o. Ó dáa, mò ń fọ́nnu. Ẹ da omi sórí ilẹ̀ tí mo bá ṣe, ibi tí mo bá ní kó ṣàn sí náà ló máa ṣàn sí. Ìwé ni mi ò kà dé òpin. SS2 ni mo ti já a sílẹ̀ torí àwọn tíṣà ń falẹ̀ jù, wọ́n á máa sọ ohun kan náà láti àárọ̀ dọ̀sán. Mi ò bẹ̀rù ajá, mi ò bẹ̀rù ọlọ́pàá, mi ò bẹ̀rù àwọn ọmọ tó ń jókòó lábẹ́ bíríìjì Ìyànà Ìpájà. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, tẹ́dì kan báyìí, tẹ́dì tí wọ́n ń rà fún ọmọdé, ló já mi láyà débi pé oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Bàbá mi ló ni tẹ́dì náà. Ẹni tó bá máa rẹ́rìn-ín kó yáa rín in tán kí n lè máa bọ́rọ̀ lọ.

Mẹkáníìkì tírélà ni bàbá mi. Ní Ìgàndò níbí, tí ẹ́ńjìnnì bá ti kọ̀ fún gbogbo èèyàn, àwọn ni wọ́n máa wá pè. Ọwọ́ wọn le bíi pákó. Wọn kì í ṣeré. Nígbà tá a wà ní kékeré, tá a bá ti gbúròó wọn lẹ́nu géètì, kálukú á sáré gbé ìwé, títí kan èmi tí mi ò kì í kàwé. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ṣubú lulẹ̀ níbi iṣẹ́. Sítúróòkù ni. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́. Ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu wọn.

Ọkùnrin kan wà ní ọsibítù tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa na ọwọ́, kó máa na ẹsẹ̀ fún àwọn tí irú ẹ̀ bá ṣe. Ó ní ká wá nǹkan tó rọ̀ tí Bàbá á máa tẹ̀, kí ọwọ́ má baà gan. Ó tún ní ká má jẹ́ kí ẹnu wọn sinmi, pé ọ̀rọ̀ téèyàn ò bá lò lẹ́yìn sítúróòkù lè má padà wá mọ́. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yìí ò kúrò lórí mi títí dòní. Mo ra bọ́ọ̀lù kékeré kan, wọ́n fi ọwọ́ òsì sọ ọ́ lù mí. Màámi ká táwẹ̀lì fún wọn, wọ́n tì í ṣubú. Tẹ́dì yìí ti wà lórí wọ́dúróòbù tipẹ́, nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á. Bọ̀ọ́fúréńdì kan ló fi ta ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́rẹ ní Fálẹ́ńtáìnì. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wá fẹ́ ẹlòmíì, ó fi ẹrù yẹn sílẹ̀ fún wa. Mo gbé e lé Bàbá lọ́wọ́ torí ó sú mi, mi ò tiẹ̀ ronú sí i.

Wọ́n gbà á. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ sínú ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n wá ń wò ó lójú. Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò fi í sílẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá ń jẹun, ó wà lórí itan wọn. Tá a bá fẹ́ wẹ̀ wọ́n, a máa gbé e síbi tí ojú wọn á ti tó o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwẹ̀ ò ní ṣeé ṣe. Bàbá mi tí àwọn dírẹ́bà tírélà ń bẹ̀rù.

Lọ́jọ́ kan, mo ti sáìtì dé, mo gbọ́ ohùn ní yàrá. Mo rò pé àlejò ló wà lọ́dọ̀ wọn. Mo yọjú lẹ́yìn kọ́tìnnì. Kò sí àlejò. Bàbá ló ń bá tẹ́dì sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ àwa ni, wọ́n á fa ẹnu títí, wọ́n á làágùn, inú á bí wọn, wọ́n á kọjú sí ògiri. Ṣùgbọ́n fún tẹ́dì, ọ̀rọ̀ ń jáde. Ó ń jáde ségesège, bí omi ẹ̀rọ tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì kan ni wọ́n ń sọ fún un.  Wọ́n wá ní, “Èyí àbíkẹ́yìn yìí... ẹnu ẹ̀ pọ̀. Ọwọ́ ẹ̀... dáa.”

Èmi ni àbíkẹ́yìn. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, wọn ò sọ irú ẹ̀ sí mi létí rí. Mo rọra padà síta, mo lọ bọ́jú lẹ́nu ẹ̀rọ.

Inú Màámi kọ́kọ́ dùn pé ohùn ń padà bọ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Wọ́n ní àgbàlagbà ò lè jókòó máa bá nǹkan tó lójú tí kì í ṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́, kí nǹkan kan má máa dá a lóhùn. Aládùúrà ni wá, aláṣọ funfun. Ní ìsìn Ọjọ́rú tó kọjá, wòlíì wa, ìyá àgbà kan báyìí, ríran. Wọ́n ní àwọn rí ọmọ kékeré kan tó jókòó ti ọkùnrin tó dùbúlẹ̀. Ìhòòhò lọmọ náà wà, òtútù ń mú un, ó ń sunkún. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹni tí ìran bá bá mu ló máa ń dìde gbà á. Màámi dìde.

Kí wọ́n tó délé, wọ́n ti parí ẹ̀ lọ́kàn. Wọ́n ní tẹ́dì ni ọmọ náà, ẹ̀mí kan ló wà nínú ẹ̀, sísun níná ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀. Àwọn àgbà ìjọ ti ní àwọn ń bọ̀ nílé wa ní Sátidé láti gbàdúrà, kí Màámi ṣì mú un kúrò lọ́wọ́ Bàbá ná. Ní Ọjọ́bọ̀, láàárọ̀, kí Bàbá tó jí, Màámi fa tẹ́dì yọ lábẹ́ apá wọn, wọ́n dì í sínú àpò gààrí, wọ́n tì í sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Bàbá jí. Ọwọ́ òsì wọn ń ta kiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n wá a lábẹ́ pílò, wọ́n wá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọn ò pariwo, ìyẹn ló sì já mi láyà jù, torí bàbá tí mo mọ̀ ì bá ti fọ́ nǹkan. Màámi gbé ògì wá, wọn ò lanu. Wọ́n gbé e wá lọ́sàn-án, wọn ò lanu. Mo lọ dúró lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń retí kí n gbọ́ ohunkóhun, kódà kí wọ́n bú mi. Kò sí nǹkan kan. Mo wá ń rò ó pé lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ kan ń lọ. Bóyá “omi” ti lọ. Bóyá orúkọ mi ló kàn. Mo lọ sí sáìtì ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo lẹ ìlà kan wọ́, èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo tún ń fi ọwọ́ ara mi hú u.

Nígbà tí mo padà dé, mo bá Màámi fà á. Wọ́n ní, “Ṣé ìwọ lo ríran ni? Ìgbà wo lo dé ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn?”

Mo ní, “Màámi, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ríran. Wọ́n ní ìhòòhò lọmọ wà. Wọ́n ní òtútù ń mú un. Ta ló wá sọ pé ká jù ú síná?”

 Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká wọṣọ fún un ná, ká wo ohun tí wòlíì máa sọ. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní kí n ṣe ohun tó bá wù mí títí di Sátidé, ṣùgbọ́n kó má dé ọwọ́ Bàbá kí àwọn àgbà tó rí i. Tí àwọn àgbà bá sì ní ká sun ún, àwọn máa sun ún, kí n má dá àwọn dúró.

Télọ̀ kan wà lọ́nà Ìpájà tó ń rán sùtánà fún àwọn aláṣọ funfun àdúgbò wa. Mùsùlùmí ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sẹ́ni tí sùtánà ẹ̀ ń jókòó lára bíi tiẹ̀. Ní Ẹtì, mo ki tẹ́dì bọ inú báàgì irinṣẹ́ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ọwọ́ mi wà nínú báàgì náà lójú ọ̀nà. Tẹ́dì yẹn ń rùn bíi Bàbá, róòbù àti ọṣẹ. Mi ò mọ ìgbà tí mo ti ń tẹ apá ẹ̀, mò ń tẹ̀ ẹ́, mò ń tú u sílẹ̀, àyà mi sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Obìnrin tó jókòó tì mí yọjú wo inú báàgì. Mo fa síìpù pa.

Télọ̀ wò mí, ó wo tẹ́dì, kò rẹ́rìn-ín. Ó fa téèpù yọ, ó wọn àyà, ó wọn apá. Ó ní, “Èyí ń jẹun kánú o. Ipò wo ló wà nínú ìjọ, kí n mọ àmùrè tí màá fi dì í?”

Mo ní kó fi àmùrè sílẹ̀ jàre, ọmọ ìjọ lásán ni. Ìgbà yẹn ló wá bi mí pé ti ta ni, mo sì sọ fún un. Ó gbé téèpù kọ́ ọrùn, ó ní nígbà tí ara ìyá òun ò yá, pílò kékeré kan ni wọ́n ń gbé kiri, ọdún tí wọ́n lò lórí àìsàn yẹn wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ̀ ọ́. Ó ní wọ́n sin ín mọ́ wọn ni. Ó ní kí n padà wá lọ́la. Mo ní mi ò lè padà wá lọ́la. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde, títí ó fi ní tí mi ò bá gbé ìdí mi sójú kan, òun máa rán mi pọ̀ mọ́ ọn.

Ní Sátidé, wọ́n dé. Ìyá wòlíì àti àgbà ìjọ méjì ni, àbẹ́là lọ́wọ́, ẹsẹ̀ lásán. Tẹ́dì wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà yàrá, nínú sùtánà tó gùn délẹ̀. Bàbá ti rí i. Ojú wọn ò kúrò lára ẹ̀, wọn ò sì tíì fọhùn láti Ọjọ́bọ̀. Wòlíì ní kí wọ́n gbé e wá. Wọ́n béèrè ẹni tó wọṣọ fún un. Mo ní èmi ni, pé àwọn ni wọ́n ní ìhòòhò ló wà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà bi mí bóyá mò ń fi nǹkan Ọlọ́run ṣeré.  Wòlíì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá a dúró. Wọ́n yí tẹ́dì síwájú, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ká etí sùtánà sókè.

Wọ́n ní, “Ó wọ bàtà.”

 Bàtà pupa méjì ni wọ́n rán mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Kò sẹ́ni tó ń wọ bàtà sí sùtánà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ọmọ ọwọ́ gan-an ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti wọ sùtánà gbẹ̀yìn, mi ò rántí rárá. Télọ̀ náà ò wo ẹsẹ̀, aṣọ ló ń wò. Àgbà tó bá mi wí lẹ́ẹ̀kan ní ṣé wọ́n rí i, pé eré ni mò ń ṣe lóòótọ́. Màámi ti ń wo ìkòkò èédú tó wà lẹ́yìnkùlé.

Mo ní mo máa bọ́ ọ. Mo fa bíléèdì yọ nínú báàgì mi. Wòlíì gbé tẹ́dì sórí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, ọwọ́ òsì Bàbá sì dì í mú ní apá kíá. Mi ò mọ ohun tó wà lábẹ́ bàtà náà. Tó bá jẹ́ pé kò sí ẹsẹ̀ ńkọ́? Tí òwú inú ẹ̀ bá tú jáde lójú wọn ńkọ́?  Mo fẹ́ yára ṣe é kó tán. Mo ki bíléèdì bọ abẹ́ òwú.

“Rọra.”

Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Mo gbójú sókè. Kì í ṣe tẹ́dì ni wọ́n ń wò, èmi ni.

“Rọra... ìwọ.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, sà.” Mo ń gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, kékeré, aṣọ kan náà pẹ̀lú ara ẹ̀. Màámi ti jókòó sílẹ̀, wọ́n fi ìbòrí bojú.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n wọ́n omi káàkiri. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo sáré tẹ̀ lé wòlíì dé géètì, mo ní kí wọ́n sọ ọ́, ṣé ó ti parí. Wọ́n ní kó ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀ ná, pé wọn ò tíì fi yé àwọn tán, tí àwọn bá tún rí nǹkan, àwọn máa ránṣẹ́. Kí ni “ná” ń ṣe níbẹ̀? Mo bi Màámi, wọ́n ní kí n fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ ti ń wá, ó ń lọ. Lọ́jọ́ míì wọ́n á sọ méjì-mẹ́ta fún mi, lọ́jọ́ míì tẹ́dì nìkan ni wọ́n ń bá sọ ọ́, tí mo bá wọlé wọ́n á dákẹ́. Mi ò tún fi ẹ̀yìn kọ́tìnnì sílẹ̀ mọ́. Òní tún ni Ọjọ́rú. Màámi ti wọ funfun lọ sí ìsìn ìran, fóònù wọn ò sì lọ, mo ti pè é títí. Orí fóònù tèmi ni mo ti ń tẹ gbogbo èyí, kí n lè fi gbàgbé pé ó ti yẹ kí wọ́n ti dé.

Ẹ dúró ná, ohùn ń jáde ní yàrá. Bóyá èmi ni wọ́n ń pè, bóyá òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, mi ò mọ̀. Mo ní láti lọ báyìí.