Pákó ọkọ̀ mi ti wọ sàréè

Pákó ọkọ̀ ojú omi mi ni wọ́n fi bo òkú lónìí.

Ọkọ̀ méjì ni mò ń kàn mọ́ ara wọn ní àgbàlá wa ní Kambolé, kí wọ́n má baà dojú dé, ká lè máa fi sọdá odò lọ sóko lásìkò òjò.

Àná ni odò gbé ìyàwó Sàlífù, aládùúgbò wa. Àárọ̀ yìí ni wọ́n rí òkú ẹ̀.

Àfáà wá bá mi. "Ṣé o lè fún wa ní pákó tí a ó fi bo sàréè?"

"Àfáà, ọkọ̀ tí mò ń kàn ni."

"Mo mọ̀. Ìyàwó Sàlífù náà ti ń retí ọkọ̀ yẹn."

Èmi fúnra mi ni mo fa ìṣó yọ tí mo tú ọkọ̀ kan. Ìkejì ṣì wà lẹ́bàá ògiri, mi ò fẹ́ wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, ṣé ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kan ọkọ̀ náà?