Afẹ̀yìnrìn àti Ilé Okùn

Afẹ̀yìnrìn, àgbà amọ̀nà tó ń mú àlejò rìn káàkiri èbúté wa, kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn lẹ́ni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Orí ibùsùn rẹ̀ ló kú sí, lọ́sàn-án gangan, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Ó ya àwọn atukọ̀ lẹ́nu, nítorí inú omi ni wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ogún ọdún.

Wọn ò jẹ̀bi. Ta ni kò gbọ́ nípa ọjọ́ tó já sómi? Àlejò mẹ́rìnlá ló tẹ̀lé e lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí wọn bí ìṣe rẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn rìn létí èbúté, ó sì ń ṣàlàyé bí àwọn ará àtijọ́ ṣe gbọ́n tó, tí wọ́n fi mọ ibi tí ilẹ̀ parí sí gẹ́lẹ́. Kò tíì sọ ọ́ tán tí ilẹ̀ fi tán lẹ́sẹ̀ òun náà.

Nígbà tí àwọn àlejò fi máa sáré dé etí omi, orí rẹ̀ ti yọ, fìlà rẹ̀ sì léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atukọ̀ kan ju okùn sí i. Afẹ̀yìnrìn di okùn náà mú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó gbójú sókè.

"Ẹ wo okùn yìí dáadáa," ó ní. "Ọ̀rá ni. Okùn gidi kì í yọ̀ lọ́wọ́ báyìí. Èyí tí wọ́n ń lọ́ ní ilé gígùn tí a máa dé láìpẹ́ yìí..."

"Baba, ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ ká fà yín jáde."

"Máa fà. Ṣé ẹnu mi lo so okùn mọ́ ni?"

Tí àlejò bá bi í pé kí ló dé tó fi ń fi ẹ̀yìn rìn, á ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í kẹ̀yìn sí ẹni tó wá kí i. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ńṣe ló ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà sá lọ.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ọmọ ilé okùn ni. Ilé náà ṣì wà lẹ́yìn èbúté: ilé pákó tí kò fẹ̀ ju yàrá méjì lọ, ṣùgbọ́n tó gùn ní ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń lọ́ okùn fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹni tó ń lọ́ ọ á wé fọ́nrán mọ́ ìbàdí, á fi orí fọ́nrán náà kọ́ ìkọ́ tí ẹlòmíràn ń yí, á wá máa fi ẹ̀yìn rìn lọ, á máa tú fọ́nrán náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi kan ògiri ìpẹ̀kun. Bàbá Afẹ̀yìnrìn rin ìrìn yìí fún ọdún mọ́kànlélógójì, ọmọ rẹ̀ sì ń fara wé e láti ìgbà tó ti lè dúró. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi iwájú rìn, àwọn rò pé ara rẹ̀ ò yá ni.

Ìtàn ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì gbà pé kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n pa bí òun. Ìdákọ̀ró irin tó wà níwájú ilé aṣọ́bodè ń sanra lọ́dọọdún lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó yá, kò sí ọkọ̀ tó tún lè gbé e láyé mọ́. Bí wọ́n bá dé ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń darí ọkọ̀, á sọ̀rọ̀ olùṣọ́ ibẹ̀ tó ti kú láti igba ọdún, á ka àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó ti wá rí dá a lẹ́kun.

"Baba, lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́ta lẹ ní ó bí. Ó ṣe wá di márùn-ún?"

"Ìyá mi, odindi ọdún kan ló ti kọjá," Afẹ̀yìnrìn dá a lóhùn. "Ṣé kí wọ́n má bímọ mọ́ ni?"

Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín náà ló padà wá di gbèsè sí i lọ́rùn, nítorí ní ọdún méjì sẹ́yìn, ìjọba ìlú pinnu láti wó ilé okùn, kí wọ́n lè rí ibi gbé mọ́tò sí. Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ nìkan ló lè dá a dúró. Afẹ̀yìnrìn wọ aṣọ tó dára jù lọ tó ní, ó gba ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbìmọ̀ lọ.

"Ọba wo ló sùn níbẹ̀ rí?" akọ̀wé bi í.

"Kò sí."

"Ogun wo ni wọ́n jà níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ráyè ogun?"

"Kí wá ni ká kọ síwájú ilé náà, Baba?"

"Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ọkọ̀ tó gúnlẹ̀ síbí tí omi ò gbé lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ́ ohun tó dì í mú."

Akọ̀wé gbé bírò sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ yìí dùn, Baba, dídùn yẹn gan-an ló sì ń bà mí lẹ́rù. Mo ti tẹ̀lé yín rìn kiri rí. Ẹ ní erin mẹ́tàlá ló wọ́ ìdákọ̀ró yẹn dé ibi tó wà. Ìlú yìí ò rí erin rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ilé okùn yìí kì í ṣe erin kẹrìnlá?"

Afẹ̀yìnrìn délé, ó jókòó. Ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀ wò bóyá ó tutù.

"Wọn ò gbà mí gbọ́," ó ní.

"Ta ló kọ́ wọn?" ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tìrẹ yàtọ̀, bàbá àwọn ọmọ. Òtítọ́ ló ń lọ jẹ́jẹ́, irọ́ ló bá a."

Láti ọjọ́ kejì, Afẹ̀yìnrìn ò purọ́ mọ́. Ìrìn wákàtí mẹ́ta di àádọ́ta ìṣẹ́jú. "Ilé ìmọ́lẹ̀ rèé," á wí. "Ó ga. N ò mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká máa lọ." Ọ̀gá ọkọ̀ kan tó máa ń mú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá lọ́dọọdún ò lè mú un mọ́ra.

"Baba, àwọn ọmọ olùṣọ́ ń kọ́?"

"N ò mọ̀ bóyá ó bímọ."

"Ẹ fún un ní ẹyọ kan péré, nítorí tiwa."

"Ẹ bá a bẹ Ọlọ́run," Afẹ̀yìnrìn ní, òógùn sì bò ó. "Kò sí lọ́wọ́ tèmi mọ́."

Wákàtí méjì tó ṣẹ́kù lójúmọ́ ló fi ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, ó ń wá orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ nílé okùn. Ẹlẹ́rìí méjì ló ń wá fún orúkọ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo Ọjọ́ Ajé ló ń kó àwọn orúkọ náà lọ bá akọ̀wé, òun àti akọ̀wé á sì jiyàn títí tíì tó wà níwájú wọn á fi tutù. Orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta ló rí. Akọ̀wé kà wọ́n tán, ó gbójú sókè.

"Baba, ti bàbá yín dà?"

"Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó rí i lẹ́nu iṣẹ́," Afẹ̀yìnrìn ní. "Gbogbo ìlú ló sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni ẹni náà."

Ó padà sílé lọ́jọ́ náà, àìsàn sì dá a dúbúlẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, akọ̀wé wá sílé wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, eruku wà ní irun rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti lò ní yàrá ìkẹ́rù ilé aṣọ́bodè, ó ń ṣí àwọn ìwé tí ẹni tó bá gbé okùn dé ẹnu ọkọ̀ máa ń fọwọ́ sí láyé ijọ́un.

"Mámà, ẹ wò ó," ó ní. "Bàbá wọn rèé. Ibi méjìdínlógún ni wọ́n ti fọwọ́ sí i. Mo ti fi wọ́n ṣe ẹnì kejìlélọ́gọ́ta."

Ìyá náà wo ìwé ọ̀hún pẹ́. Ó fi ìka tọ ibi tí tàdáwà ti ṣá.

"Kí ló dé tí ẹ fi ṣe wàhálà yìí?"

"Ọjọ́ Ajé ò dùn mọ́, Mámà. N ò rẹ́ni bá jà."

"Ẹ máa bọ̀ níbí," ó ní. "Èmi ni mo kọ́ ọ níjà."

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti pinnu bóyá ilé okùn yóò dúró. Akọ̀wé ni yóò ka orúkọ méjìlélọ́gọ́ta náà, ìyàwó Afẹ̀yìnrìn yóò sì sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Ó ní ọ̀rọ̀ òun ò ní gùn. Akọ̀wé gbọ́, ṣùgbọ́n kò fi ìpàdé mìíràn kankan sí gbogbo ọjọ́ náà.