Àrùn tí Àwọn Ọkùnrin Ilé Wa Ń Fi Pamọ́

Òórùn kánfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Bóo bá mọ Bẹyẹrunka láyé ìgbà yẹn, wàá mọ̀ pé ilé alámọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, páànù orí wọn ti dípẹtà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn sì máa ń tutù bó ti wù kí oòrùn mú tó. Òórùn òwú àti sítáàṣì la mọ̀ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa, torí aránfìlà ni bàbá mi. Àmọ́ lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òórùn kánfọ̀ bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá mi ló ń rà á ní Ọjà'ba, tó ń jù ú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, sínú àpótí aṣọ, sẹ́yìn ilẹ̀kùn. A rò pé aáyán ló ń fi lé. Àṣé òórùn ìtọ̀ ló ń fi bò.

Yàtọ̀ sí fìlà rírán, òun ni ládàánì mọ́sálásí àdúgbò wa. Ohùn rẹ̀ tó fi ń pe ìrun ni gbogbo agbo ilé fi ń jí. Ọkùnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó ni, ó lè tún àlùwàlá ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dá a lójú pé ó pé. Ìwọ náà sì mọ̀ pé bí ìtọ̀ bá ti kán sára èèyàn, àlùwàlá ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ṣeé fi kírun. Ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni nígbà náà, kò tíì darúgbó rárá.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan ń yí padà. Á gbé búùtà àlùwàlá rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, á pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó sùn lọ. Á jáde, kò ní í tíì jókòó tán tí yóò tún fi padà. Lẹ́yìn náà ló jáwọ́ nínú omi mímu. Lójú tirẹ̀, bí òun ò bá mu omi, ìtọ̀ ò ní máa kán, àlùwàlá òun á sì dúró láti Àìlá títí di Alaasari. Ètè rẹ̀ ń bó, ó ń rù, síbẹ̀ bí mo bá gbé omi fún un, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ẹlòmíì lórí mọ́sálásí. Wọ́n ní ara ládàánì ò yá.

Màámi ló rí àwọn àkísà tí Bàbá fi ń di ìdí, lábẹ́ ẹní, tí wọ́n tutù rinrin. Ní agbo ilé wa, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń pe àrùn ìtọ̀ ọkùnrin: àtọ̀sí. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé ìta lọkùnrin ti ń kó àtọ̀sí wálé. Màámi ò pariwo. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ sílé bàbá òun n'Ísàlẹ̀ Òsì. Lẹ́nu ọ̀nà ló ti yíjú padà, ó ní, "Ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ti kó o, ẹ padà síbẹ̀ kó wá bá yín tọ́jú ẹ̀."

Jẹ́ n sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ágodi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, mo ń wọ táì, mo rò pé mo mọ ayé. Mo wọlé bá a níbi tó ti ń rán fìlà, mo dúró lé e lórí, mo ní, "Bàbá, lọ́dọ̀ ta lẹ ti kó o?" Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán fìlà náà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ibi tí kò yẹ ló ń gún abẹ́rẹ́ sí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ti fọ́ tèmi lọ́jọ́ náà.

Sátidé kan ló wá dé góńgó. Láti Àsùbáà ni ò ti rí ìtọ̀ tọ̀. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, ó ti ń yí kiri lórí ẹní, abẹ́ ìdodo rẹ̀ wú, ó le bí akèrègbè. Á di ògiri mú, á fún ara rẹ̀ títí òógùn yóò fi bò ó, ẹ̀kán kan ò ní jáde. Ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀ wá ń ké bí ewúrẹ́. Mo ní ká máa lọ sílé ìwòsàn. Ó kọ̀ jálẹ̀.

"Wọ́n á kọ ọ́ sí káàdì pé ládàánì kó àrùn aṣẹ́wó. Jẹ́ n kú sílé mi."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Mo fẹ́ gbé e tipátipá, ó fi gbogbo agbára tó kù fún un gbá ọwọ́ mi dànù, ó kọjú sí ògiri. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́sàn-án yẹn kò tíì bà mí rí títí dòní. Mo mọ̀ pé yóò kú, mo sì mọ̀ pé ìbéèrè tí mo bi í wà lára ohun tí kò jẹ́ kó gbà láti dìde.

Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sú mi ni mo sáré lọ sí Pópó Yemọja, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Ìyá Pópó. Ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, Bàbá ò lè tọ̀. Láti àárọ̀ ni."

Igbá ẹ̀gúsí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Yéè! Ó ti kan òun náà?"

Ọ̀rọ̀ náà ò yé mi, àmọ́ ó ti dìde, ó ń wá ìborùn. Nígbà tí a délé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sórí ẹní, ó gbé ẹsẹ̀ bàbá mi lé itan, ó fi oríkì pè é.

"Ta ló ń fọ àkísà Bàbá wa? Èmi ni. Ta ló fọ ti ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin? Èmi náà ni, fún ọdún mẹ́ta gbáko. Àwọn méjèèjì ló fi Àlùkùránì mú mi búra pé mi ò ní sọ fẹ́nì kan. Ẹ̀gbọ́n wa yẹn, inú rírun tí wọ́n sọ kọ́ ló pa á. Ìtọ̀ ló há mọ́ ọn nínú tó fi kú. Ṣé Bàbá wa náà ń lọ sọ́dọ̀ aṣẹ́wó ni? Lèmọ́mù ni Bàbá wa! Kí Ọlọ́run forí jì mí, mo ti sọ ọ́."

Bàbá mi yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n wa náà?"

"Òun náà."

Ó sunkún díẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí mi. "Gbé mi."

Takisí la wọ̀ ní Ọjà'ba. Bó bá ti bọ́ sí kòtò ni bàbá mi ń ké, Ìyá Pópó ń ké tẹ̀lé e, èmi ń bẹ dẹ́rẹ́bà pé kó rọra. Nílé ìwòsàn, dókítà kan fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ojú ara rẹ̀ wọlé, ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn sínú abọ́, kò dáwọ́ dúró bọ̀rọ̀. Bàbá mi mí kanlẹ̀. Alihamdulilahi ló ń wí, tó tún ń wí. Dókítà ní bó bá pẹ́ jù báyìí lọ, kíndìnrín rẹ̀ ni ì bá bàjẹ́.

Ó wá wo káàdì. "Wọn ò tíì dàgbà tó ẹni tí èyí ń ṣe. Ta ni irú èyí tún ti ṣe rí nínú ẹbí yín?"

Mo ti fẹ́ sọ pé kò sí. Ìyá Pópó na ìka méjì sókè. Dókítà mi orí. Ó ṣàlàyé pé kókó kékeré kan wà lára gbogbo ọkùnrin, lẹ́nu àpò ìtọ̀, àárín rẹ̀ sì ni ìtọ̀ ń gbà kọjá. Bí ọjọ́ orí bá ń gòkè ló ń tóbi, tó ń fún ọ̀nà pa. Ṣùgbọ́n nínú ẹbí mìíràn, ó máa ń tètè tóbi, torí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, bí bàbá ṣe ń fi orí pípá tàbí gíga sílẹ̀ fọ́mọ. "Kì í ṣe àtọ̀sí, kì í sì í ṣe èpè. Gbogbo ọmọ kọ́ ló ń jogún ẹ̀, àmọ́ ẹni tí bàbá ẹ̀ bá ní in, kó má dúró dìgbà tó bá há."

Mo bá ń ronú nípa àwọn ọkùnrin mẹ́ta, tí wọ́n gbé nínú ilé kan náà, tí ìyà kan náà jẹ wọ́n, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì rò pé òun nìkan ló rí i. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ti sọ̀rọ̀ ni, ẹni kejì ò ní kú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún bàbá mi, ó sì padà sórí ìrun pípè. Bàbá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà tí Ìyá Pópó fúnra rẹ̀ lọ bá Màámi n'Ísàlẹ̀ Òsì. Màámi wá sí ọsibítù, ó ká aṣọ tí ìtọ̀ ti bàjẹ́ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó lọ fọ̀ ọ́. Èmi ni mi ò rí ọ̀nà ẹ̀bẹ̀ tèmi gbà. Lójoojúmọ́ ni mò ń wí pé ó dọ̀la, títí ọdún mọ́kànlá fi kọjá, tí Ọlọ́run fi pe bàbá mi.

Mo ti ju ọjọ́ orí rẹ̀ ìgbà yẹn lọ báyìí. Nígbà tí ara tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bákan, mo lọ rí dókítà, mo sì pe àwọn ọmọkùnrin mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó lọ́sàn-án gangan. Ojú ń tì mí, àmọ́ mo sọ ọ́ tán: ti bàbá bàbá mi, ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti bàbá mi, ti èmi. Mo ní ogún wa nìyí, ẹ má fi pamọ́ fún ara yín. Àwọn ẹ̀gbọ́n méjì wolẹ̀. Àbíkẹ́yìn wọn ló wojú mi, ó ní, "Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?"

Mo bú sẹ́kún níwájú wọn. Nínú gbogbo àwa tí a yí bàbá mi ká lọ́dún yẹn, a bi í pé níbo ló ti kó o, a bi í pé ọ̀dọ̀ ta ló lọ. Kò sẹ́nì kan nínú wa tó bi í bóyá ó ń dùn ún.