Ògiri Àwọn Ará Ṣébà

Láti ìgbà tí ìyá mi ti ṣubú lẹ́yìn ilé wa ní Odigbo, kò jáde mọ́. Ẹsẹ̀ ti san, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń ka Bíbélì fún un, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Lọ́jọ́ tí a ka ìtàn ayaba Ṣébà, ìyá mi béèrè bóyá ìlú obìnrin náà ṣì wà. N kò mọ̀. Nígbà tí mo dé Ore lọ́jọ́ kejì, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, mo wá a lórí fóònù. Wọ́n ní ilẹ̀ Yemen ni, àti pé ògiri òkúta tí àwọn ará Ṣébà mọ yí ojúbọ wọn ká ṣì dúró níbẹ̀, bí yanrìn tilẹ̀ ti bo apá kan rẹ̀.

Mo fi àwòrán rẹ̀ han ìyá mi. Mo ní òṣùpá ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Mo rò pé kò ní fẹ́ gbọ́, nítorí onígbàgbọ́ paraku ni. Ó kàn gba fóònù, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Àwọn tó mọ ọ́n ti kú tipẹ́,” ó ní. “Ta ló wá ń tọ́jú ẹ̀?”

Ìgbà náà ló sọ fún mi nípa ògiri alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ àti àwọn ará ìjọ mọ yí ilẹ̀ àdúrà wọn ká ní Ajue, bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ po amọ̀, tí òun ń pọnmi. Ìjọ ti kó kúrò níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ó dá a lójú pé ògiri náà ti wó.

“Mú mi lọ,” ó ní. “Bó bá ti wó, kí n fojú mi rí i.”

A gun ọ̀kadà lọ ní Sátidé, mo di ìyá mi mú láti ẹ̀yìn. Apá kan ògiri náà ti wó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyókù dúró, wọ́n sì to imọ̀ ọ̀pẹ lé e lórí kí òjò má bàa jẹ ẹ́. Obìnrin kan jáde láti inú oko kòkó, ó kúnlẹ̀ kí wa. Àlejò ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń dáko fún onílẹ̀. Ìyá mi bi í pé ta ló to imọ̀ ọ̀pẹ.

“Àwa ni, mà,” obìnrin náà fèsì. “A rí i pé ibi àdúrà ni. Àwa náà ń gbàdúrà níbẹ̀.”

Ìyá mi fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra ògiri náà lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ibi tó wó. Ó ní ká wá amọ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la tún un mọ. Ìyá mi ti ń dá lọ sí Ajue báyìí, òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ọlọ́kadà. Nígbà tí obìnrin náà bímọ, inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ, ìyá mi ló sì gbé e dání.