Okùn Méjì Tó Kù Lára Alùpùpù Mi

Mi ò mọ alùpùpù tún ṣe. Mo kàn mọ̀ ọ́n gùn ni, ìyẹn gan-an kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá mi lójú. Olùkọ́ ni mí ní Kétu nígbà náà. Òmìnira wa kò tíì ju ọdún mélòó kan lọ, wọ́n sì máa ń fi eré ìje alùpùpù kún ayẹyẹ rẹ̀ lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa. Ìyípo mẹ́wàá ni. Ọdún méjì léraléra ni tèmi kú sí kọ́nà, tí mo sì ń tì í jáde níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín dáadáa. Ìṣirò tí mo fún wọn ní ọjọ́ kejì kò kéré.

Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni mo ti ra alùpùpù náà nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Iná iwájú wà lára rẹ̀, iná ẹ̀yìn, fèrè, bátìrì, àti okùn iná rẹpẹtẹ tí wọ́n dì pọ̀ sábẹ́ ìjókòó bí irun tí a kò yà fún oṣù mẹ́ta. Mo gbé e tọ mẹkáníìkì kan lọ, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Gbogbo ìgbà tó bá tún un ṣe, okùn tuntun ni yóò fi kún un, kò sì ní yọ ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú eré ọdún kẹta, mo fi ìbínú dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo bi í bóyá kò mọ ohun tó ń ṣe alùpùpù náà ni.

Ó gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

Ó fi hàn mí. Okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì wà láàárín ìdì yẹn, ara rẹ̀ sì ti bó. Bí mo bá ti fẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, á kan irin, ẹ́ńjìnnì á sì kú.

"Kí ló dé tó ò tú u?"

"Ọ̀gá mi ló dì í."

Ọ̀gá rẹ̀ ni àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó sì ti padà sóko rẹ̀ ní Odomẹ̀ta nígbà tí ojú rẹ̀ fọ́. Òun ló ń tọ́jú alùpùpù náà fún òyìnbó. Láàárín àwọn mẹkáníìkì, ọmọ iṣẹ́ kì í tú ohun tí ọ̀gá rẹ̀ bá fọwọ́ dì. Ó lè fi kún un, kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Ohun tó wá ń ba ọ̀rẹ́ mi lẹ́rù jù ni pé, bí ọ̀gá bá gbọ́ pé wọ́n ti ń tú iṣẹ́ òun ká, yóò rò pé torí òun ti fọ́jú ni wọ́n ṣe ń wọ́ òun nílẹ̀. Ó lè gba àdúrà tó ṣe fún un lọ́jọ́ tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́ padà. Ọ̀rọ̀ burúkú wá sí mi lẹ́nu, mo gbé e mì. Èmi náà ní ọ̀gá.

Mo ní kí a lọ bá Bàbá, ọ̀gá rẹ̀, ní Odomẹ̀ta. Alùpùpù náà kú lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà, ká tó dé. Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sì dìde. Èmi ni mo sọ ohun tó gbé wa wá, mo sì rọra sọ ọ́, torí ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bàbá ní kí a fa òun lọ́wọ́ dé ìdí alùpùpù. Ó jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ wá ìdì náà kàn, ó sì ń fi ìka yẹ okùn wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Èyí kì í ṣe tèmi. Èyí, tèmi ni, mi ò sì dì í dáadáa. Òyìnbó yẹn ń kánjú lọ́jọ́ náà, èmi náà ń kánjú." Ó kọjú sí ibi tí mo wà. "Olùkọ́, ṣé ọ̀sán ni eré yín?"

"Ọ̀sán ni, Bàbá."

"Kí lẹ wá ń fi iná ṣe? Ta lẹ fẹ́ fun fèrè fún?"

Ó gba ọ̀bẹ. Ó gé, ó fà, ó jù sílẹ̀: okùn iná, okùn fèrè, gbogbo wọn. Bátìrì pàápàá lọ, torí inú ẹ́ńjìnnì náà ló ti ń ṣe iná tirẹ̀. Okùn méjì péré ló kù, èyí tó ń gbé iná lọ sí bùjí tó ń ṣáná sí epo, àti èyí tí a fi ń pa á. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi fi tuntun rọ́pò ìkejì, kó sì gbé e gba ibi tí kò ti ní kan irin. Ọ̀rẹ́ mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ eré, a gbé Bàbá wá sí pápá. Mo yí ìyípo mẹ́wàá pé, mo sì ṣe ipò kẹrin nínú àwa márùn-ún. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti jowú ẹni tó gbégbá orókè. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, Bàbá ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé òun gbọ́ ìró alùpùpù náà ní kọ́nà nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kò kọsẹ̀.

"Láti òní lọ," ó ní, "iṣẹ́ mi tí o bá rí tí kò dára, tú u. Má wá bi mí mọ́."

Ọ̀rẹ́ mi dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó bú sẹ́kún. Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọjọ́ náà ṣojú mi, mo ṣì ń dúpẹ́ dòní. Bàbá na ọwọ́ síwájú láti súre fún un, kò rí orí rẹ̀, ó ń wá a kiri, títí mo fi mú ọwọ́ náà, mo sì gbé e lé e lórí.