Ọ̀dà Pupa Lẹ́yìn Táyà

Ojúmilótó ni àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, kò sì sí mẹkáníìkì tó fọwọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀ rí.

Ọkọ̀ ọ̀hún ti darúgbó. Ilẹ̀kùn kan kò ṣí mọ́, òmíràn kò sì gbà láti padé. Ojúmilótó fúnra rẹ̀ ló ń fi jáàkì gbé e sókè, òun ló ń tú táyà, òun ló ń pààrọ̀ ṣọ́kì tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò nínú kòtò. Bí ènìyàn bá dúró wò ó, á dáwọ́ dúró títí onítọ̀hún á fi kọjá.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ ń tún ọkọ̀ ṣe ní òdì kejì títì. Bó bá ti rí i lábẹ́ ọkọ̀, á ké sí i pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n bá yín wò ó?”

“Wo tìẹ.”

Nígbà tó ra ṣọ́kì tuntun sí iwájú, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ní wọ́n lè fi ògbólógbòó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ra ọ̀dà pupa, ó kùn ún sára ṣọ́kì, ó kùn ún sẹ́yìn ríìmù, ó kùn ún dé inú ihò tí nọ́ọ̀tì ń jókòó sí, kó lè dá ohun tirẹ̀ mọ̀ níbikíbi. Lẹ́yìn náà ló di táyà pinpin.

Kò pẹ́, iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kọ́, kọ́, kọ́. Ó wo ṣọ́kì, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ó gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì táyà, ó tú wẹ́rẹ́. Ó tún ọ̀dà kùn, ó dì í. Láìpẹ́, ó tún ti dẹ̀.

“Ọwọ́ ènìyàn ni,” ló wí fún ìyàwó rẹ̀.

“Ọwọ́ ta ni?”

“Ẹni tó ní sípánà.”

“Ṣé àbúrò mi lẹ fẹ́ sọ di apànìyàn, Bàbá wọn?”

“N ò dárúkọ ẹnì kan. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.”

Ó gbé àga sójú fèrèsé, ó ń ṣọ́ òdì kejì. Bí àna rẹ̀ bá gbé sípánà, òun á na ọrùn.

Ọmọbìnrin wọn wá bímọ ní ìlú mìíràn, ìyá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ lọ tọ́jú rẹ̀. Ojúmilótó ní òun á gbé e lọ, ṣùgbọ́n kí àbúrò ìyàwó òun má tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Obìnrin náà di ẹrù, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó lé e.

“Ẹ pè é kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Bí ẹ bá lé e, bọ́ọ̀sì ni mo máa wọ̀, ẹ má sì retí mi.”

Àna dé. Ó gbọ́ ẹ̀sùn náà tán, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ tú u fúnra yín. N ò ní fọwọ́ kàn án.”

Ojúmilótó tú táyà kan. Àna bẹ̀rẹ̀ wò ó.

“Kí ni pupa tó ń já bọ́ lára nọ́ọ̀tì yẹn?”

“Ọ̀dà mi ni.”

“Ó ti di lẹ́búlẹ́bú. Irin ló yẹ kó jókòó lé irin. Ọ̀dà lẹ̀yin dì mọ́lẹ̀. Bó bá ti fọ́, àyè á ṣí, nọ́ọ̀tì á dẹ̀.”

“Ẹnu rẹ nìyẹn.”

Ojúmilótó fi ọ̀bẹ fá ọ̀dà kúrò nínú ihò nọ́ọ̀tì táyà ọ̀tún, ó fi ti òsì sílẹ̀ bó ṣe wà, ó di méjèèjì pinpin. Òun nìkan wọ ọkọ̀, ó wà á lọ wà á bọ̀ lójú títì oníkòtò títí ọkọ̀ fi gbóná. Nígbà tó dé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn. Ó gbé sípánà lé nọ́ọ̀tì ọ̀tún. Kò mì. Ó gbé e lé ti òsì. Ó yí.

Ó bojú wo àna rẹ̀. Ọwọ́ ìyẹn méjèèjì ṣì wà lẹ́yìn.

“Kòkòrò ẹ̀fọ́ ńkọ́, Bàbá wọn?” Ìyàwó rẹ̀ kò tíì dìde lórí ẹrù.

Ojúmilótó jókòó sílẹ̀, ó tú táyà òsì, ó fá ọ̀dà ibẹ̀ tán, ó dá táyà padà. Ó na sípánà sí àna rẹ̀.

“Di èyí.”

Àna dì í. Ojúmilótó gba sípánà padà, ó tún un dì wò.

“Mo mọ̀ pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò,” ni àna wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó gbé ẹrù sínú ọkọ̀. Ojúmilótó dìde nílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó jókòó sídìí ìtọ́kọ̀, wọ́n sì lọ.